Mágínẹ́ẹ̀tì tó ní òun máa lé ẹfun inú kẹ́tùlù: owó mi ti wọgbó

Ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló máa yé jù, omi ibí ń gba inú òkúta ẹfun kọjá kó tó dé ilé wa, kẹ́tùlù mi wá funfun bíi pé wọ́n kùn ún ni. Mo bá ra mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù. Oṣù 3 gbáko, kò sí àyípadà kankan o!

Ṣẹ́ ẹ rí i, tómi bá ti gbóná, gáàsì CO2 á jáde, calcium carbonate inú omi náà, ìyẹn ẹfun yẹn gan-an, ò wá ní lè yòrò mọ́, kò dà bíi ṣúgà tí ooru ń bá yòrò. Àmọ́ kì í kàn ṣàdédé dì, hóró kín-ín-kín tó bá kọ́kọ́ kóra jọ, agbára tí ojú ara ẹ̀ ń gbà ju èyí tí inú ẹ̀ ń dá padà lọ, á tún yòrò dànù ni, àfi tó bá tóbi dé ìwọ̀n kan ló tó lè máa dàgbà. Ara irin kẹ́tùlù tó rí págunpàgun ló ń bá a dín agbára tí ojú ara ẹ̀ ń gbà yẹn kù, ló ṣe ń lẹ̀ mọ́bẹ̀.

Citric acid oníyẹ̀fun, ásíìdì tó máa ń wà nínú ọsàn, ni mo padà lò, ó hó ṣùù, kó tó tó ìṣẹ́jú 20 gbogbo ẹ̀ ti ṣí. Ìràwọ̀ 1 ni mo fún mágínẹ́ẹ̀tì, torí pé ó tètè dé náà ni.