Guinness tí wọ́n ń pọn ní Ìkẹjà: ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó bú u

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí o. Kí n ṣá ti ra Guinness Naija, Odeku wa yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Peckham, ní London níbí, ẹnìkan á ní kì í ṣe ojúlówó, pé ọkà bàbà ni wọ́n fi pọn ọ́n. Ọkà bàbà wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ọdún 1988 ni ìjọba Nàìjíríà fòfin de báálì, ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà lókè òkun, pé kò gbọdọ̀ wọ̀lú mọ́, làwọn tó ń pọn bíà nílé bá kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Kí ló wá burú ńbẹ̀?

Ẹ má mu ún bó ṣe ń jáde nínú fíríìsà o, òtútù máa ń pa adùn ẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀ ná, kẹ́ ẹ dà á sí gíláàsì, ìfófòó pupa rẹ́súrẹ́sú á ru sókè, òórùn kọfí àti ṣúgà tó fẹ́ jóná lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Adùn ló ń ṣáájú lẹ́nu, ìkorò á wá tẹ̀lé e, ìkorò yẹn á sì dúró lọ́fun dáadáa. 7.5% ni agbára ọtí inú ẹ̀, ó sì ki. Ẹ fi pẹ́pẹ́ sùúpù ewúrẹ́ tì í, ata ò lè borí ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń fà láti ẹnu ẹ̀rọ ní pọ́ọ̀bù, bíi 4.2% ni, ó ń yọ̀ lọ́fun torí atẹ́gùn náítírójìn tí wọ́n fi sí i, mo máa ń mu ún, ṣùgbọ́n ó ṣàn jù fún mi, kíá ló ti tán lẹ́nu. Ẹni tó bá sì ní ti Naija kì í ṣe ojúlówó, láti Dublin, ìlú tí Guinness ti bẹ̀rẹ̀, náà ni wọ́n ti ń kó ògidì omi stout (bíà dúdú) wá tí wọ́n ń lú mọ́ ti Ìkẹjà! Àwọn tó ń fi òfin bíà ti 1516 ní Bavaria, ní Jámánì, halẹ̀, pé omi, báálì àti hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) nìkan ni kí wọ́n fi pọn ọ́n, kí wọ́n rántí pé Bavaria yẹn náà ń fi àlìkámà pọn bíà, gbogbo ayé sì ń mu ún.

Ìgò kan tí mo rà níbì kan tí wọ́n ń tò ó sójú fèrèsé, ooru oòrùn ti pa á, páálí tútù ló ń rùn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà pọn ọ́n o, imú àti ahọ́n ló máa sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́. Ẹ rà á níbi tó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ wo déètì ẹ̀.

9 nínú 10 ni mo fún un. Owó ẹ̀ ló jẹ́ kí n yọ máàkì kan, ó wọ́n ju ti agolo lọ níbí.