Wọ́n fọ orin àwọn àgọ́ California títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀

Ìṣẹ́jú-àáyá 22 ni wọ́n gé kúrò. Nínú ẹ̀dà orin kan láti àgọ́ òṣìṣẹ́ oko ní Shafter, California, tí ìkànnì orin kan ń tà, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ni gòjé òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó wà lọ́dọ̀ Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ bọ́ sórí àwo, ẹni tó ń gbohùn sílẹ̀ á dárúkọ àgọ́ àti ọjọ́, ẹnì kan á wúkọ́, kí gòjé tó dún. N ò ní dárúkọ ìkànnì náà. Dọ́là 8 ni wọ́n ń gbà lóṣù.

Charles Todd àti Robert Sonkin ló gba àwọn orin wọ̀nyí sílẹ̀ ní 1940 àti 1941, ní àwọn àgọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó fún àwọn òṣìṣẹ́ oko tó ṣí láti Oklahoma, Texas, Arkansas àti Missouri lọ sí California: Arvin, Shafter, Visalia, El Rio àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bíi wákàtí 18 ni gbogbo ohùn náà. Orin nìkan kọ́ o. Ìpàdé ìgbìmọ̀ àgọ́ wà níbẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá gé ọ̀rọ̀ dànù ti sọ ìtàn òṣìṣẹ́ di orin ijó lásán.

Mo kọ̀wé sí ìkànnì náà. Wọ́n ní kí n pa ẹ̀rọ mi kí n tún un tàn. Mo fi ibi tí gígé náà wà hàn wọ́n. Wọ́n ní bí àwọn ṣe gbà á nìyẹn. Irọ́ ni, ojúlówó wà níta gbangba. Lẹ́tà kẹta dúpẹ́ fún sùúrù mi. Sùúrù wo?

Fífọ̀ tí wọ́n fọ̀ ọ́ tún burú ju gígé lọ. Àwo àtijọ́ a máa hó ṣùù, òkè, lápá ohùn tínrín, ni ariwo yẹn sì ń gbé, níbi tí ìró s àti f náà wà. Bí ẹ bá pa á kanlẹ̀, s á bá a lọ, gòjé á sì máa dún bí ohun tó wà lábẹ́ omi. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, ẹ yan ibi tí ariwo nìkan wà, ẹ tẹ Get Noise Profile lábẹ́ Noise Reduction, kí ẹ wá yan gbogbo orin, kí ẹ dín ariwo náà ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 6, kó má ju 9 lọ. Ó jọ pé 24 làwọn wọ̀nyí lò.

Ẹ ṣọ́ eré àwo pẹ̀lú, ìyẹn bó ṣe ń yára yí tó. Bó bá fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 yá jù, ohùn á fi ìdajì ìró (semitone) ga sí i. Ẹ má lo Change Tempo láti tún un ṣe, torí kì í fọwọ́ kan gíga ohùn. Change Speed and Pitch ni kí ẹ lò. Hẹ́ẹ̀tìsì 60, ìyẹn ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ni iná mànàmáná Amẹ́ríkà, nítorí náà bí ìkùn iná, ariwo hùùn tí iná ń fi sínú ohùn, bá hàn ní 63, eré ti yá jù ní ìdá 5. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní 60 géérégé, kì í ṣe ẹ̀rí: ó lè jẹ́ ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi da àwo náà kọ lẹ́yìn.

Ti orin tó já lójijì, ẹ má bá wọn jà. Ojú àwo ló kún.

Lọ́jọ́ kẹrin ni obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkànnì náà kọ̀wé. Ó ti fi ẹ̀dà méjèèjì wé ara wọn. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ló máa ń gé ìdákẹ́jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́ ọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbé odidi fáìlì WAV (fáìlì ohùn) síbẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà àwo sára gbogbo orin Shafter, ohun tí n ò béèrè. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi wá a lọ́dọ̀ Library of Congress, kí ẹ sì wo ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn tó gbohùn sílẹ̀ kọ lágọ̀ọ́ àti àpò àwo tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ẹ má fi orúkọ orin wá a. Orin kan lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta lágọ̀ọ́ mẹ́ta.

Fífi ohun èlò orin wá orin rọrùn lórí ìkànnì náà, mo gbà. Gìtá lọ́tọ̀, gòjé lọ́tọ̀.

Máàkì: 4 nínú 5. Obìnrin yẹn ló ni mẹ́ta níbẹ̀. Mo ti dá dọ́là 8 tí mo ń san fún wọn lóṣù dúró.