Ìwé ₦1,500 tí mo rà ní Under G

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé àlòkù ní Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ẹ máa ṣí inú ẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó o. Èmi ò ṣí i. ₦1,500 ni mo ra To Kill a Mockingbird ti Harper Lee lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì, mo délé tán ni mo rí i pé ewé mẹ́rin ti já kúrò níbi tí ẹjọ́ ti ń gbóná gan-an, lẹ́tà inú ẹ̀ náà kéré bí ẹsẹ̀ eèrà, àfìgbà tí mo lọ yá ti àbúrò mi kan ní LAUTECH.

Àmọ́ ìtàn yẹn, háà. Ọdún 1960 ló jáde, ó gba Pulitzer, àmì-ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún ìwé l'Amẹ́ríkà, ní 1961. Scout, ọmọbìnrin kékeré kan, ló ń sọ ọ́, bàbá ẹ̀ Atticus Finch ni lọ́yà tí wọ́n ní kó gbèjà Tom Robinson, ọkùnrin adúláwọ̀ tí wọ́n ní ó fipá bá Mayella Ewell lò, ní Alabama láyé ìgbà tí nǹkan le ní bíi 1935. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Mayella ló wú. Ọwọ́ òsì Tom sì ti rọ látìgbà tí ẹ̀rọ òwú ti mú un ní kékeré, bàbá Mayella gan-an ló ń fọwọ́ òsì kọ̀wé ní kọ́ọ̀tù. Ẹni tó dúró níwájú ẹ tó gbá ẹ létí ọ̀tún, ọwọ́ wo ló fi gbá ẹ? Ọmọ tó ń kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gáréèjì á dáhùn. Síbẹ̀ wọ́n ní Tom ló jẹ̀bi.

Ohun tó dùn mí jù ni ìgbà tí lọ́yà ìjọba bi Tom pé kí ló dé tó ń bá Mayella ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní àánú ẹ̀ ló ń ṣe òun. Yéè! Kódà nílé wa níbí, sọ fún olówó pé àánú ẹ̀ ń ṣe ẹ́, kó o wo bó ṣe máa wò ẹ́, ká má tíì wá sọ adúláwọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa òyìnbó láàárín kọ́ọ̀tù ní Alabama.

Calpurnia tó ń dáná fún wọn ni mo fẹ́ràn jù. Ó mú àwọn ọmọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ni Scout bá gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé, mo rẹ́rìn-ín títí, torí èmi náà nìyẹn, tí màmá mi bá pè mí lọ́fíìsì báyìí, Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ló máa jáde lẹ́nu mi, àwọn ará ibiṣẹ́ á máa wò mí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá Lee jà sí. Tom ò sọ̀rọ̀ tó. Boo Radley, aládùúgbò wọn tí kì í jáde nílé, a mọ gbogbo nǹkan tó ń fi sínú ihò igi fáwọn ọmọ, ṣùgbọ́n Tom, díẹ̀ báyìí la gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ kó tó dé kọ́ọ̀tù, ikú ẹ̀ gan-an, ẹlòmíì ló wá ròyìn ẹ̀, ọta ìbọn 17 ló bà á níbi tó ti fẹ́ fo odi ẹ̀wọ̀n.

Ìtàn, ìràwọ̀ márùn-ún. Èyí tí mo rà, méjì, tí mo bá ṣàánú ẹ̀. Àbúrò mi ti ní kí n dá tòun padà láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní mò ń bọ̀.