Ìkìlọ̀ fún ará Ifẹ̀: extension àmì ohùn tí wọ́n ń tà láti inú flash

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo VS Code (áàpù tí wọ́n fi ń kọ kóòdù àti ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà) nílùú Ilé-Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ OAU àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá èèyàn tẹ iṣẹ́ Yorùbá, ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò. Ọkùnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láàárín Lágéré sí Mayfair, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó ń ta extension kan, ìyẹn àfikún tí wọ́n ń gbé sínú VS Code, tó ní á jẹ́ kéèyàn lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá wẹ́rẹ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló ń gbà. Inú flash ló ti ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà oníbàárà, fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .vsix. Àmì ohùn ń jáde lóòótọ́, kò purọ́ níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kéèyàn tètè fura.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà á dé. Ẹ ṣí VS Code láàárọ̀, gbogbo wíńdò tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lálẹ́ àná ò sí mọ́, ojú ewé Welcome lásán lẹ máa bá. Ẹ lọ wo Open Recent lábẹ́ File, fóldà tẹ́ ẹ ti ń lò bọ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà míì, ẹ̀ ń tẹ nǹkan lọ́wọ́, fóldà mìíràn á ṣàdédé gba ojú wíńdò. Timeline tó wà nísàlẹ̀ Explorer, tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fi pamọ́, ò ní gba ẹ̀dà tuntun mọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí ni pé tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti VS Code láìtíì fi iṣẹ́ pamọ́, kì í bi yín ní nǹkan kan, torí ó ń bá yín tọ́jú ẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé. Ní báyìí, á máa béèrè bóyá kóun fi pamọ́. Kí oorun wà lójú yín, kẹ́ ẹ tẹ Don't Save, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Ibi tí gbájúẹ̀ wà rèé. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà padà lọ bá a, á yọ extension náà lójú yín, á ti VS Code, á tún un ṣí, wàhálà yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Á wá ní: “Ẹ̀yin náà ẹ rí i, kì í ṣe ọjà mi. RAM yín ló ti ń kú.” RAM ni ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ní tòkunbọ̀ kan tó dáa nílẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀dí ẹ̀ á sanwó.

Irọ́ ni! Extension lè yí ètò (settings) VS Code padà, ohun tó bá sì ti kọ sínú settings.json, fáìlì tí ètò yẹn wà, yíyọ tẹ́ ẹ yọ ọ́ ò ní pa á rẹ́. Àyálégbé tó ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kó tó kó jáde ni. Mo gba fáìlì .vsix náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo sọ orúkọ ẹ̀ di .zip, mo tú u, torí zip náà ni .vsix ń jẹ́. Inú extension.js, fáìlì tí kóòdù ẹ̀ wà, ni mo ti bá a: ó ń sọ window.restoreWindows (tó ń dá wíńdò àná padà) di “none”, ó ń sọ files.hotExit (tó ń tọ́jú iṣẹ́ tẹ́ ò tíì fi pamọ́) di “off”, ó ń sọ workbench.localHistory.enabled (tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sí Timeline) di false. Kí ni àmì ohùn fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń wá.

RAM tó bá bàjẹ́ máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dákú, kí ojú ẹ̀ di búlúù, kó máa pa ara ẹ̀ tan. Kì í jókòó máa ṣa fóldà yọ nínú Open Recent. Windows Memory Diagnostic wà nínú Windows yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́nikẹ́ni tó ta RAM fún yín.

Extension yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, torí tẹ́ ẹ bá tún ètò ṣe nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, á tún un bà jẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣí VS Code padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ @modified síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Gbogbo ètò tí wọ́n ti yí padà á tò sílẹ̀, ẹ wá tẹ Reset Setting lórí mẹ́ta yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lo Settings Sync, tó ń gbé ètò VS Code yín láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ẹ yẹ kọ̀ǹpútà yín kejì náà wò, ó lè ti ràn án. Fóldà tí ò sí nínú Open Recent ò sọ nù, orúkọ ẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ. Ẹ lo Open Folder. Ní ti fáìlì, ẹ tẹ Ctrl+Shift+P kẹ́ ẹ wá “Local History: Find Entry to Restore”. Láti oṣù kẹta 2022 ló ti wà nínú VS Code, ẹ lè bá ẹ̀dà tó ti wà kí extension yìí tó dé níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ àmì ohùn lẹ̀ ń wá, Keyman, áàpù kíbọọ̀dù kan, ní kíbọọ̀dù Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ nínú Word àti gbogbo ibòmíì, kì í ṣe inú VS Code nìkan.

Ẹni tó bá ti sanwó RAM fún ọkùnrin yẹn, ẹ má fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ kó sùn síbẹ̀. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń tú u, kẹ́ ẹ sì gba RAM tó bá yọ jáde lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é, òun náà ló sì máa tà fún oníbàárà tó bá kàn.