Ìpín REIT fún ọdún gbọọrọ: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù kí ẹ tó rà á

REIT ni ilé-iṣẹ́ tó ń ra ilé, tó ń fi wọ́n gba owó ilé, tó sì ń ta ìpín fáwọn èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín REIT sábà máa ń kọ́kọ́ wo àwòrán tó ń fi hàn bí iye rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti máa ń dàrú. Àwòrán yẹn kì í ka dífídẹ́ńdì, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ìpín, mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ dífídẹ́ńdì ló pọ̀ jù nínú ohun tí REIT ń mú wálé fún ẹni tó bá dì í mú pẹ́.

Òfin ló fà á. Ọdún 1960 ni wọ́n dá irú ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, nígbà ìjọba Ààrẹ Eisenhower, kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé ilé ńlá lè fi owó kékeré ní ìpín níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kì í san owó-orí lórí èrè tó bá pín, àmọ́ ó di dandan kó pín ó kéré tán ìdá 90 nínú 100 èrè tí ìjọba ì bá gba owó-orí lé lórí. Ohun tó ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ kì í tó nǹkan. Tó bá fẹ́ ra ilé míì, àfi kó yáwó tàbí kó ta ìpín tuntun. Ẹ má wá retí pé kí iye ìpín rẹ̀ fò sókè bíi ti ilé-iṣẹ́ tó ń da gbogbo èrè rẹ̀ padà sínú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi 100 dọ́là ṣírò rẹ̀. Ká ní iye ìpín ń fi ìdá 4 nínú 100 lé sí i lọ́dọọdún, tí dífídẹ́ńdì sì jẹ́ ìdá 5. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ìlérí. Lẹ́yìn 30 ọdún, àwòrán á ní 324 dọ́là ni ìpín yín tó. Ẹni tó ń gba dífídẹ́ńdì rẹ̀ ná á ti gba nǹkan bí 280 dọ́là lọ́tọ̀. Ẹni tó ń fi dífídẹ́ńdì ra ìpín kún ìpín á ní nǹkan bí 1,327 dọ́là. Ìpín kan náà ni wọ́n rà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà á. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé REIT tóun rà kò lọ síbì kankan, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fi owó tó ń wọlé ṣe.

REIT lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ìpín lápapọ̀

Láti 1972 ni Nareit, àjọ àwọn REIT ní Amẹ́ríkà, ti ní àkọsílẹ̀ èrè àwọn REIT Amẹ́ríkà. Tí a bá ka dífídẹ́ńdì mọ́ ọn, àwọn REIT tó ní ilé fúnra wọn àti S&P 500 (àkójọ ìpín nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà) kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra láti ìgbà náà: méjèèjì wà ní nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú 100 lọ́dún. Àwọn tó ń polówó REIT máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ohun tí 100 dọ́là dà láàárín sáà kọ̀ọ̀kan rèé, pẹ̀lú dífídẹ́ńdì nínú rẹ̀:

| Sáà | REIT | S&P 500 |
|---|---|---|
| 1998–1999 | 79 | 156 |
| 2000–2002 | 149 | 62 |
| 2007–2009 | 67 | 84 |
| 2020–2023 | 112 | 158 |

Ìlà méjì àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1998 àti 1999, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń lé. Ta ló fẹ́ gbọ́ nípa ẹni tó ń gba owó ilé? REIT pàdánù lọ́dún méjèèjì nígbà tí àwọn yòókù ń jó. Kí ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e tó parí, ìlù ti yí padà. Ẹni tó di méjèèjì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ 1998 títí dé òpin 2002 ní nǹkan bí 118 dọ́là lọ́wọ́ REIT, ó sì ní 97 lọ́wọ́ S&P 500. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò rí 118 yẹn gbà, nítorí wọ́n ti tà á ní 1999.

Ìlà kẹta ló yẹ kó dá ẹni tó rò pé REIT jẹ́ ibi ìsádi lẹ́kun. Ní 2007, S&P 500 ṣì fi nǹkan bí ìdá 5 lé sí i, REIT ti pàdánù nǹkan bí ìdá 16. Nígbà tí 2008 dé, àwọn méjèèjì jọ ṣubú ni, ìdá 37 sí 38 nínú 100. Èyí tó tẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: kòrónà kọ́kọ́ ti ilé ìtajà àti ọ́fíìsì pa, lẹ́yìn náà Federal Reserve, báńkì àgbà Amẹ́ríkà, gbé èlé láti ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo dé òkè ìdá 5. Ní 2022 nìkan, REIT pàdánù nǹkan bí ìdá 25, S&P 500 pàdánù 18. Tí èlé bá gòkè, gbèsè ilé-iṣẹ́ náà á wọ́n sí i. Ẹni tó ń wá owó tó ń wọlé déédéé á sì rí i gbà tó bá yá ìjọba lówó, láìsí wàhálà ayálégbé kankan, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ REIT?

REIT kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ REIT púpọ̀

Orúkọ méjì ni ẹ máa gbọ́ ní gbogbo ìgbà. Federal Realty ti ń fi kún dífídẹ́ńdì rẹ̀ lọ́dọọdún láti 1967. Realty Income, tó wọ ọjà ìpín New York ní 1994, ń san tirẹ̀ lóṣooṣù. Ayálégbé rẹ̀ ló sì máa ń san owó-orí ilé, owó ìbánigbófò àti owó àtúnṣe. Iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe. Àmọ́ àwọn tó yè é là la ń dárúkọ wọn.

General Growth Properties náà tóbi nígbà kan. Gbèsè ló fi kó ilé ìtajà ńláńlá jọ káàkiri Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọjọ́ àtisan gbèsè náà pé, kò sẹ́ni tó fẹ́ yáni lówó mọ́. Ayálégbé ṣì wà nínú ilé, owó ilé sì ń wọlé, síbẹ̀ iye ìpín rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé kò tó dọ́là kan mọ́. Oṣù kẹrin ọdún 2009 ló sá di ilé-ẹjọ́ nítorí àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ó bọ́ níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó sì ra ìpín rẹ̀ nígbà tó wà nílẹ̀ jèrè ńlá. CBL ní 2020 àti Washington Prime ní 2021, tí àwọn náà ní ilé ìtajà ńláńlá tí wọ́n sì sá di ilé-ẹjọ́, kò rí bẹ́ẹ̀: díẹ̀ bín-ín-tín ló kù fún àwọn tó ní ìpín wọn tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Simon pàápàá, tó tóbi jù nínú àwọn REIT onílé ìtajà, gé dífídẹ́ńdì ní 2020 láti 2.10 dọ́là sí 1.30 lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ní tèmi, owó tí ẹ bá fẹ́ gbàgbé síbẹ̀ fún ogún ọdún, inú àpò ìdókòwò tó kó ọ̀pọ̀ REIT pọ̀ ló yẹ kó wà. Ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Vanguard ti ní ọ̀kan (VNQ) láti 2004, owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré. REIT kan ṣoṣo wà fún ẹni tó máa ń ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́.

Àwọn REIT kan wà tí kò ní ilé rárá, gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ lórí ilé ni wọ́n ń rà. Dífídẹ́ńdì wọn máa ń wu ojú, àmọ́ èrè wọn fún ọdún gbọọrọ kéré gan-an sí ti àwọn onílé, wọ́n sì wó púpọ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí wọn.

Owó-orí

Gbogbo iye tó wà lókè yìí, kí wọ́n tó yọ owó-orí ni. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú dífídẹ́ńdì REIT ni wọ́n ń ka sí owó tó ń wọlé lásán, kì í jẹ àǹfààní tí dífídẹ́ńdì ilé-iṣẹ́ míì ń jẹ. Àlejò tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò bá Amẹ́ríkà ní àdéhùn owó-orí, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n ń yọ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa: tí ìdá 5 bá di 3.5, 1,327 dọ́là á di nǹkan bí 875.

Tó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ fẹ́ rà

Ẹ má fi èrè tó wà nísàlẹ̀ ìwé ìṣirò dá a lẹ́jọ́, torí wọ́n ti yọ iye tí ilé gbó kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé tí wọ́n ń tọ́jú lè máa níye lórí sí i. Ẹ wá iye tí wọ́n ń pè ní FFO, ìyẹn èrè tí wọ́n ti dá iye tí ilé gbó padà sínú rẹ̀, kí ẹ wo ìdá tí dífídẹ́ńdì ń kó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tí wọ́n to gbèsè sí nínú ìròyìn ọdọọdún, ní ọdún tí wọ́n máa san ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìdajì rẹ̀ bá bọ́ sí ọdún méjì tó ń bọ̀, èmi ò ní rà á, bó ti wù kí dífídẹ́ńdì rẹ̀ pọ̀ tó.