Hámọ́ọ̀kì dípò àgọ́ lórí òkè Georgia: ohun tí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra hámọ́ọ̀kì, ìyẹn ibùsùn aláṣọ tí a ń so mọ́ igi méjì, fún ìrìn ẹsẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ nínú igbó, yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á pé ó fúyẹ́ ju àgọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Aṣọ náà nìkan, pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n rán mọ́ ọn, kì í sábà tó kílò 1. Ṣùgbọ́n bí a bá fi tapólì tí yóò gba òjò dúró, ọ̀já tí a fi ń so ó mọ́ igi, àti kúbùsù tí a ń so sábẹ́ rẹ̀ kún un, ẹrù náà lè tó kílò 2, àgọ́ ẹlẹ́nìkan tó dára sì wà lọ́jà tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìfúyẹ́ nìkan ni ẹ ń wá, ẹ fi owó yín sápò.

Ilẹ̀ ni ó mú mi yàn án láàyò. Ní Atlanta tí mo ń gbé, àwọn òkè àríwá ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni a máa ń lọ, níbi tí ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail ti bẹ̀rẹ̀ lórí Springer Mountain, kí ó tó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá dé Katahdin ní Maine, ìrìn tó ju kìlómítà 3,500 lọ. Ibi tó tẹ́jú tó àgọ́ kò pọ̀ níbẹ̀: ilẹ̀ dagẹ̀rẹ́, òkúta àti gbòǹgbò kún un, ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò sì ti tẹ ibi pẹrẹsẹ díẹ̀ tó wà mọ́lẹ̀ títí tí omi òjò fi ń dúró síbẹ̀. Igi ni kò wọ́n. Kò sí ohun tó kan ẹni tó ní hámọ́ọ̀kì bí ilẹ̀ bá rin gbìndìn. Igi méjì tó lágbára, tó fi nǹkan bíi mítà 4 jìnnà síra, ti tó o.

Sísùn nínú rẹ̀ gba ọgbọ́n díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ráhùn ẹ̀yìn dídùn ni ó fa okùn rẹ̀ le jù, tí wọ́n sì nà gbọọrọ sí àárín gbùngbùn, tí ẹ̀yìn wọn wá tẹ̀ bí ọrun. Ẹ jẹ́ kí okùn rọ̀, kí ó fi nǹkan bíi dígírì 30 dagẹ̀rẹ́ wálẹ̀ láti ara igi sí ìlà tó tẹ́jú bí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì sùn ní ìdábùú díẹ̀. Nígbà náà ni aṣọ yóò tẹ́ lábẹ́ yín. Ẹni tó máa ń dojúbolẹ̀ sùn kò ní gbádùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé yóò gbádùn rẹ̀ fẹ́ tajà ni.

Wàyí o, òtútù. Ilẹ̀ olóoru ni hámọ́ọ̀kì ti ṣẹ̀ wá: àwọn onílẹ̀ ní àwọn erékùṣù Caribbean àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà ti ń sùn sínú rẹ̀ kí Columbus tó débẹ̀ ní 1492, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil ṣì ń so tiwọn sínú ilé títí di òní. Ìgbádùn ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba abẹ́ ẹni kọjá jẹ́ níbẹ̀. Lórí òkè Georgia ní oṣù kọkànlá, ọ̀tá ni. Àpò ìsùn tí ẹ bá wọ̀ kò lè gbà yín, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ tàbí òwú inú rẹ̀ ni ó ń mú ara móoru, ìwúwo yín sì ti tẹ èyí tó wà lábẹ́ pẹlẹbẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so kúbùsù mìíràn síta, sábẹ́ aṣọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sùn lé e. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ ṣe lè wọ́n ju hámọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí i nínú àwòrán ìpolówó, níbi tí oòrùn kì í wọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì ká a lè ra hámọ́ọ̀kì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ aṣọ ìpele méjì, kí ó sì ti fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín wọn. Fóòmù tí a kàn tẹ́ sórí aṣọ lásán yóò máa yọ̀ kúrò lábẹ́ ẹni títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Tapólì mítà 3 níbùú lóròó ti tó. Kí ẹ so okùn kékeré mọ́ ọ̀já ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ láti ara igi lè kán sílẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀já náà gbọ́dọ̀ fẹ̀, nítorí pé okùn tín-ín-rín a máa gé èèpo igi. Kí ẹ sì wòkè kí ẹ tó so ohunkóhun: ẹ̀ka gbígbẹ kì í kìlọ̀ kó tó já. Ní Great Smoky Mountains, ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀ ní ààlà Tennessee àti North Carolina, òfin ni pé inú ibùdó tí a yà sọ́tọ̀ nìkan ni a ti lè lo hámọ́ọ̀kì, a kò sì gbọdọ̀ so ó sínú ahéré àwọn arìnrìn-àjò tàbí mọ́ òpó rẹ̀. Ní ti béárì, àwọ̀n ẹ̀fọn kò lè dá a dúró, àgọ́ náà kò kúkú lè dá a dúró. Ibi tó jìnnà sí ibùsùn ni kí oúnjẹ wà.

Àwọn tó bá ń lọ sí orí White Mountains ní New Hampshire, níbi tí òkè ti ga kọjá ibi tí igi ń hù dé, kí wọ́n ra àgọ́. Bákan náà ni fún ẹni tó ń mú ọmọ kékeré lọ, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni hámọ́ọ̀kì ń gbà dáadáa, láìka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sí.