Northern Star ti ìlú Leeds: Ìwé Ìròyìn Tó Ṣì Yẹ Ní Kíkà

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ka Northern Star, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí Feargus O'Connor dá sílẹ̀ ní Leeds ní oṣù Kọkànlá ọdún 1837, lórí ìkànnì ọ̀fẹ́ kan, mi ò sì tíì rí ibi tí ohùn àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ti dún ketekete tó báyìí. Pẹ́ńsì 4½ ni wọ́n ń tà á, owó òǹtẹ̀ ìjọba (owó orí lórí ẹ̀dà ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan), tí wọ́n dín kù láti pẹ́ńsì 4 sí 1 ní ọdún 1836, sì wà nínú rẹ̀. Owó yìí kò kéré lọ́wọ́ ahunṣọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń dáwó rà á, tí ẹni tó mọ̀wé yóò sì kà á sókè fún àwọn yòókù ní ilé ọtí.

Lẹ́tà àti ewì inú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu òfin àwọn aláìní ti ọdún 1834, èyí tó ń lé ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ wọ ilé iṣẹ́ àwọn òtòṣì (workhouse), níbi tí wọ́n ti ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ aya àti ọmọ. Ó dùn mí wọ egungun.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ìpolówó oògùn oníhóró pọ̀ jù, lẹ́tà O'Connor sì máa ń gùn. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó mú ti ọdún 1839, nígbà tí àwọn Chartist, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò tí O'Connor jẹ́ ọ̀kan lára olórí wọn, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn àkọ́kọ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.